Ọ̀dọ̀ Wa ni Àjẹsára Ti Ń Bẹ̀rẹ̀: Flúù, Ààbò Ara àti Sabon Gari

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí àrùn flúù, ààbò tí ara ń ní sí i, àti ibi tí ìwádìí lórí àjẹsára rẹ̀ dé. Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló kan àdúgbò ọlọ́jà bíi Sabon Gari ní Kánò níbí yìí nínú iṣẹ́ yàrá ìwádìí. Ó kàn wá gan-an. Àjẹsára flúù kì í bẹ̀rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ apoògùn. Ibi tí ẹnì kan ti rí àìsàn, tó sì sọ ọ́ síta, ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àdúgbò yìí ti mọ flúù tipẹ́. Ní nǹkan bí 1913 ni ìjọba amúnisìn dá Sabon Gari sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ reluwé àti oníṣòwò tó wá láti gúúsù. Ní oṣù Kẹsàn-án 1918, ọkọ̀ òkun gbé flúù wọ Èkó. Ojú irin tó gbé àwọn bàbá wa wá síbí náà ló gbé àrùn ọ̀hún gòkè wá sí Àríwá. Àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ló bá a lọ ní Nàìjíríà. Kò sí àjẹsára nígbà náà, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó ń fà á. Ó di 1933 kí Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw tó rí fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ mú lára ènìyàn ní London.

Kí ló dé tí a ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà náà, tí kò sì kásẹ̀ nílẹ̀? Ìyípadà ni agbára rẹ̀. Purotéènì méjì pàtàkì ló wà lára rẹ̀: hemagglutinin tó fi ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì wa, àti neuraminidase tó fi ń jáde. Àwọn ni H àti N tí ẹ ń gbọ́ nínú orúkọ bíi H5N1. Orí hemagglutinin yìí ni àwọn ọmọ ogun ara wa fi ń dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n bí olè tó ń pààrọ̀ fìlà láti ọjà dé ọjà ló rí: bó ti ń bí sí i ni orí náà ń yí padà díẹ̀díẹ̀, títí ara kò fi ní dá a mọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí àjẹsára èṣí fi lè má tó fún tọdún yìí. Ìyípadà kejì tún le ju èyí lọ. Ọ̀nà mẹ́jọ ni àbùdá àjogúnbá rẹ̀ pín sí. Bí flúù ẹyẹ àti flúù ènìyàn bá pàdé nínú ara kan náà, wọ́n lè pààrọ̀ àbùdá, kí irú tuntun tí ara ẹnikẹ́ni kò rí rí sì jáde. Bẹ́ẹ̀ ni àjàkálẹ̀ 1957 àti ti 1968 ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Kejì 2006, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó kéde H5N1, irú flúù ẹyẹ kan, lára adìyẹ. Oko kan ní Jaji, ìpínlẹ̀ Kàdúná, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kò pẹ́ tó fi dé àwọn oko Kánò. Lọ́dún náà, Owoade, onímọ̀ ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Luxembourg yẹ àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà wò, wọ́n sì tẹ àbọ̀ wọn jáde nínú Nature. Wọ́n rí i pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wọ orílẹ̀-èdè wa. Ní oṣù Kìíní 2007, obìnrin ẹni ọdún 22 kan kú ní Èkó. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò fi hàn pé H5N1 pa ní Nàìjíríà. Ní 2015, àrùn náà padà dé sí àwọn oko adìyẹ Kánò àti Èkó. Ní 2024, ó wọ ara màlúù ìfúnwàrà ní Amẹ́ríkà.

Báwo ni ẹni tó rí àìsàn ṣe wá di ìbẹ̀rẹ̀ àjẹsára? Ní 2008, ìjọba yan ilé ìwòsàn mẹ́rin láti máa ṣọ́ flúù lára ènìyàn. Aminu Kano Teaching Hospital, níbí yìí, wà lára wọn. Wọ́n ń gba omi imú àti ọ̀fun aláìsàn fún àyẹ̀wò. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ láti kárí ayé ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń gbé yẹ̀ wò ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún, kí wọ́n tó yan fáírọ́ọ̀sì tí àjẹsára yóò dojú kọ. Bákan náà ni wọ́n ń yan fáírọ́ọ̀sì flúù ẹyẹ pamọ́ de ọjọ́ àjàkálẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn H5N1 tí wọ́n yàn wá láti ara adìyẹ kan ní Ghana ní 2021. Ẹnì kan ló ṣàkíyèsí adìyẹ yẹn, tí kò sì dákẹ́.

Ìwádìí lórí ààbò ara náà ti tẹ̀síwájú. Ní 2016, àwọn onímọ̀ fi hàn pé flúù tí ara bá kọ́kọ́ bá pàdé ní kékeré kì í kúrò nínú ìrántí rẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí ṣáájú 1968 sábà máa ń ní ààbò lọ́wọ́ H5N1 ju àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn wọn lọ, nítorí flúù ìgbà èwe wọn bá a tan. Nítorí náà, kí àwọn ọ̀dọ́ má ṣe rò pé agbára ọ̀dọ́ nìkan tó wọn.

Ní ti àjẹsára, inú ẹyin adìyẹ ni wọ́n ti sábà ń sìn ín láti àwọn ọdún 1940, ó sì ń gbà tó oṣù mẹ́fà. Bí àrùn bá pa àwọn adìyẹ tó ń yé e ńkọ́? Ìdí nìyí tí àjẹsára mRNA, èyí tí kò nílò ẹyin, fi ṣe pàtàkì. Ní 2025, ilé iṣẹ́ Moderna kéde pé láàárín àwọn tó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún sókè, irú tirẹ̀ ṣiṣẹ́ ju àjẹsára tó wà tẹ́lẹ̀ lọ ní ìdá 26.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn mìíràn ń wá àjẹsára tí yóò dojú kọ ọrùn hemagglutinin, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Iṣẹ́ ṣì kù lórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tó ta ni lára. Kò sí àjẹsára tó wúlò fún ẹni tí kò gbà á, Kánò sì ní ìdí tó fi ń fura. Ní 1996, Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ tí àrùn yírùnyírùn ń bá jà nílùú yìí. Àríyànjiyàn lórí bóyá àwọn òbí mọ ohun tí wọ́n gbà sí kò tán bọ̀rọ̀. Ní 2009, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìpínlẹ̀ Kánò. Àmọ́ nígbà tí Kánò dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró ní 2003, àwọn ọmọ wa ló jẹ ìyà rẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọba, àwọn málàámù àti àwọn ìyá padà gba àjẹsára láyè ni nǹkan yí padà, tí wọ́n fi kéde ní oṣù Kẹjọ 2020 pé rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti tán ní Áfíríkà. Àlàyé kíkún àti ìgbọ́nilẹ́nu ni oògùn ìfura. Kíkọ àjẹsára kì í ṣe oògùn rẹ̀.

Ìjọba náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Ilé iṣẹ́ àjẹsára ìjọba àpapọ̀ ní Yaba ń ṣe àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 1991. Orílẹ̀-èdè tó ní adìyẹ, ẹyin àti onímọ̀ kò yẹ kó máa dúró lẹ́yìn fún èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì.

Ẹ̀yin ìyá mi tó ń ta adìyẹ, ẹ̀yin ọlọ́jà oúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra adìyẹ tó ń ṣàìsàn torí pé wọ́n ń tà á ní ọ̀pọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó kú fúnra rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé súnmọ́ ọn. Bí adìyẹ bá ń kú lójijì, ẹ fi tó dókítà ẹranko létí lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹni tó ń tọ́jú adìyẹ bá ní ibà, tó ń wúkọ́, tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé adìyẹ ló ń tọ́jú. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ pamọ́ ń fi ẹ̀mí gbogbo wa wewu. Ẹni tó bá sọ ọ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àjẹsára.