Ohun Tí Ojú Mi Rí Nígbà Kónílé-Gbélé

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní Ògùnpa, Ìbàdàn)

Ẹgbẹ́ ní kí èmi sọ ohun tí ojú mi rí ní ọdún àrùn Kòrónà. Èmi kì íṣe oníṣègùn. Olùkọ́ àti ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni mí.

Àjàkálẹ̀ àrùn kì íṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù Kẹsán 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé ọ̀fìnkìn aṣekúpani wọ Èkó, ó sì bá ọkọ̀ ojú irin gòkè wá. Ní 2020, ọkọ̀ òfúrufú ni ó gbé Kòrónà dé. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, Ìjọba Àpapọ̀ pàṣẹ kí Èkó àti Àbújá gbélé; ti Ìpínlẹ̀ Ògùn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin. Ní Ọ̀yọ́ níhìn-ín, láti agogo 7 alẹ́ di agogo 6 òwúrọ̀ ni a kò gbọdọ̀ jáde.

Ẹ̀yin mọ ariwo Ògùnpa. Ní alẹ́ ọjọ́ wọnnì, lẹ́hìn òjò, mo gbọ́ ìró odò láti inú yàrá mi, ohun tí ọjà kò jẹ́ kí ngbọ́ rí. Mo nyọ̀ sí ìdákẹ́jẹ́ náà títí ẹlẹ́kọ kan ládùúgbò fi wí fún mi pé: “Bàbá, alẹ́ ni ọjà mi. Kòrónà kò tí ì rí mi, ṣugbọ́n ebi ti rí mi.” Ojú tì mí, nítorí èmi tí owó oṣù mi ndé ni mo ti nwàásù pé kí olúkúlùkù gbélé. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ míràn wọ̀ ọ́.

Nínú oṣù Kẹrin náà ni nwọ́n pè mí láti Abẹ́òkúta pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí ó pọ̀n mí, tí ó ta aṣọ láti rán mi ní ilé-ìwé, ti sùn nínú Olúwa. Kì íṣe Kòrónà ni ó pa á. Mo wọ ọkọ̀; a kọjá Omi-Àdìó, a dé Bakatari, nwọ́n dá wa dúró. Awakọ̀ rọra sọ fún mi pé owó díẹ̀ lè ṣí ọ̀nà. Owó náà wà lápò mi. Bí mo ti dúró níbẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́lá kan kọjá, ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Inú bí mi gidigidi. Ṣugbọ́n mo rántí àwọn tí mo nkọ́ láti di olùkọ́: kíni èmi yíò wí fún wọn bí mo bá ra ọ̀nà? Mo padà. Orí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni mo ti gbàdúrà nígbà tí nwọ́n nsin ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ 1 oṣù Keje ni ìjọba tó ṣí ọ̀nà láàrin ìpínlẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, koríko ti hù lórí ibojì.

Ẹ̀yin ará, òfin tí ó ndáàbòbo ẹ̀mí yẹ ní pípamọ́. Nkò kábàámọ̀ pé mo padà, bí ó tilẹ̀ ndùn mí títí di òní. Ṣugbọ́n òfin tí olówó nrà, tí tálákà sì nfi ebi san, kì í pẹ́ di ẹ̀gàn. Àrùn míràn lè dé. Kí ó tó dé, ẹ jẹ́ kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mọ àwọn tí òòjọ́ nwọn ni oúnjẹ wọn, kí a sì dá owó sílẹ̀ dè wọ́n. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Kí Olódùmarè kí ó dá ilẹ̀ wa sí.