Òṣùwọ̀n Òtítọ́ fún Ohùn Sípíkà

Bí ìyá kan bá lọ ra gààrì lọ́jà, kì í ṣe gààrì nìkan ni ó ń wò. Ó ń wo kóńgò pẹ̀lú. Bí a bá ti lu ìdí kóńgò náà wọ inú, bí ó ti wù kí gààrì náà funfun tó, a ti rẹ́ ẹ jẹ. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni mo bá wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti gààrì. Ti ohùn ni: bí ènìyàn ṣe lè fi kọ̀ǹpútà wọn sípíkà nínú ilé rẹ̀, láìná owó púpọ̀.

Àṣìṣe èmi tìkára mi ni ó kọ́ mi. Mo ra sípíkà méjì láti máa fi gbọ́ dùùrù àti orin akọrin nínú ilé. Láti ọjọ́ kìíní ni àwọn ohùn ìsàlẹ̀ kò ti jáde dáradára. Mo wí fún àwọn ará ilé pé ọjà burúkú ni mo rà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú owó láti ra òmíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ yìí wí fún mi pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọ̀n wọ́n ná.” A wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan: méjèèjì dọ́gba, kò sí àbùkù. A wọ̀n wọ́n pọ̀: ohùn ìsàlẹ̀ wó lulẹ̀. Kí ni ìdí rẹ̀? Èmi ni mo fi wáyà pupa sí ojú dúdú lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn. Bí èkínní ti ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni èkejì ń fà á sẹ́yìn, wọ́n sì ń pa iṣẹ́ ara wọn rẹ́. Etí mi gbọ́ pé nǹkan kò dára, ṣùgbọ́n kò lè fi ibi tí ó ti bàjẹ́ hàn mí. Ó kù díẹ̀ kí n sọ ohun rere nù.

Ohun mẹ́ta ni a nílò: kọ̀ǹpútà, ètò tí yóò ṣe ìwọ̀n, àti máíkì. Kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán tó fún iṣẹ́ náà. Níti ètò, èyí tí a ń pè ní Room EQ Wizard, iṣẹ́ ọwọ́ John Mulcahy, ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux, a kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ fi ṣe irú ìwọ̀n yìí. Yóò rán ohùn kan jáde láti ẹnu sípíkà, tí yóò máa gòkè láti ìgbọ̀nrìrì 20 títí dé 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí í ṣe ààyè ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́. Máíkì yóò gbọ́ ọ, ètò náà yóò sì fa ìlà sí ojú kọ̀ǹpútà. Níbi tí ìlà bá ti yọrí, sípíkà ń pariwo. Níbi tí ó bá ti rì, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Máíkì ni kóńgò wa, nítorí náà òun ni ó yẹ kí a ná owó lé. Èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà tàbí èyí tí akọrin ń lò a máa bù kún ohùn, a sì máa bù kúrò nínú rẹ̀. UMIK-1 ti miniDSP ń wọ ojú USB tààrà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní fáìlì tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ara rẹ̀, tí ń sọ fún ètò ibi tí máíkì náà ti ṣìnà. ECM8000 ti Behringer kò rí bẹ́ẹ̀; ó ń fẹ́ àpótí mìíràn tí yóò fún un ní iná 48 volt. Ẹni tí ó wo iye owó máíkì yìí nìkan kò tíì ṣírò ìnáwó rẹ̀ tán.

Ẹ kíyèsí i pé ilé pẹ̀lú ń dá ohùn padà. Bí sípíkà àti máíkì bá ga ní mítà 1.2 sí ilẹ̀, tí wọ́n sì fi mítà 1 jìnnà sí ara wọn, ohùn tí ó kan ilẹ̀ yóò rìn ní mítà 2.6 kí ó tó dé. Ohùn ń rìn ní nǹkan bí mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; nítorí náà kò ní pẹ́ tó ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó tẹ̀lé ti àkọ́kọ́. A lè pàṣẹ fún ètò náà kí ó di etí rẹ̀ kí ohùn kejì yìí tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yára di etí bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́rìí sí ohùn tí ó rẹlẹ̀ ju ìgbọ̀nrìrì 215 lọ. Fún irú ìyẹn, ẹ gbé máíkì súnmọ́ ojú sípíkà gan-an. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ohùn ìdánwò náà pọ̀ jù, kí ó má baà jó sípíkà kékeré tí ń sọ ohùn òkè.

Ìlà ojú kọ̀ǹpútà kì í ṣe onídàájọ́, ẹlẹ́rìí ni. Etí ni yóò jókòó gbọ́ orin nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá ẹjọ́ láìgbọ́ ti ẹlẹ́rìí, bí mo ti ṣe. Àwọn àgbà wí pé, bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Ohun èlò díẹ̀ tó, bí ó bá ti jẹ́ olóòótọ́. Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ wọn èyí tí ẹ ní. Kí ẹ sì tó wọ̀n ọ́n, ẹ wo wáyà ẹ̀yìn rẹ̀.