Irin Iṣẹ́ Abẹ Tí Ó Mọ́: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ó kan ẹ̀mí ènìyàn. A fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa irin tí àwọn dókítà fi ń ṣiṣẹ́ abẹ, èyí ni abẹ, àlùmọ́gàjí, ẹ̀mú, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn: bí a ti ń fọ̀ wọ́n, bí a ti ń fi ooru pa kòkòrò àrùn tí ó wà lára wọn, àti ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá fi èyíkéyìí sílẹ̀ láìṣe.

Nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá wọ ilé ìwòsàn, ojú dókítà ni ó ń wò, oògùn ni ó sì ń béèrè. Ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn béèrè ẹni tí ó fọ irin. Bẹ́ẹ̀ sì ni irin kan náà tí a fi gbé ọmọ jáde nínú ìyá kan ní òwúrọ̀ ni a lè tún lò lára ẹlòmíràn ní ọ̀sán. A kì í sọ wọ́n nù, nítorí owó ńlá ni a fi ń rà wọ́n, a sì ṣe wọ́n kí wọn lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọ̀dọ̀ wa pàápàá, iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ohun àjèjì. Ní ọdún 2010 ni a ṣí Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ ní Àkúrẹ́. University of Medical Sciences wà ní Oǹdó, ilé ìwòsàn rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní ìlú méjèèjì. Níbikíbi tí abẹ bá ti ń ṣiṣẹ́, níbẹ̀ ni fífọ̀ gbọ́dọ̀ ti máa tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan wa ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ibi tí ibà Lassa ń yọ lẹ́nu jù lọ ní Nàìjíríà, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń tọ́jú àwọn tí ó kọlù ní Federal Medical Centre tí ó wà ní Ọ̀wọ̀. Eku ni ó ń gbé e wọ inú ilé; ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ ara ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún lè gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ní ọdún 1989, ní agbègbè tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Imo nígbà náà, ibà yìí wọ ilé ìwòsàn méjì. Ènìyàn 34 ni ó mú, 22 nínú wọn sì kú. Àwọn tí ó wádìí rẹ̀ rí i pé abẹ́rẹ́ tí a ń lò láti ara aláìsàn kan dé ara èkejì ni ó tan àrùn náà láàrin àwọn aláìsàn. Lẹ́yìn náà, nígbà iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì àti nígbà ìtọ́jú, ó ran àwọn òṣìṣẹ́. Nọ́ọ̀sì àti oníṣẹ́ abẹ wà lára àwọn tí ó mú.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ní ọdún 1976, ní abúlé Yambuku ní ilẹ̀ Kóńgò, nínú ilé ìwòsàn ìjọ Kátólíkì kan. Abẹ́rẹ́ 5 péré ni a ń kó fún àwọn nọ́ọ̀sì láràárọ̀ fún gbogbo èrò tí ń wá. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni a fi ń ṣàn wọ́n láàrin aláìsàn kan àti èkejì. Àrùn Ebola ti wà láàrin wọn, wọn kò sì mọ̀. Ènìyàn 318 ni ó mú ní agbègbè náà, 280 sì kú. Nínú òṣìṣẹ́ 17 tí ó wà ní ilé ìwòsàn náà, 11 ni ó bá a lọ. Olùfẹ́ ènìyàn ni wọ́n, iṣẹ́ àánú ni wọ́n sì ń ṣe. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn kì í wo inú rere.

Báwo ni a ṣe ń sọ irin di mímọ́? Àwọn baba wa a máa wí pé, kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá tí ó lẹ̀ mọ́ irin ni ilé kòkòrò àrùn, ooru tàbí oògùn kò sì lè wọ inú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ dáadáa. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ṣe ń kọ́ni pé: ohun tí a kò fọ̀ mọ́, a kò lè fi ooru sọ ọ́ di mímọ́.

Ẹ wo odó tí a fi gún iyán. Bí a bá fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, omi díẹ̀ tó o. Bí a bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, a ó fẹ́rẹ̀ fi ọ̀bẹ ha á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ lára irin. Ní kété tí iṣẹ́ abẹ bá parí, a gbọ́dọ̀ nu irin náà, kí a mú kí ó wà ní ọ̀rinrin, kí a sì gbé e nínú ohun tí ó ní ìdérí lọ sí ibi ìfọ̀. Omi tútù tàbí èyí tí ó kan lọ́ díẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ, ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Omi gbígbóná kò dára nígbà yìí, nítorí gẹ́gẹ́ bí ẹyin adìyẹ ti ń dì nínú omi gbígbóná, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ yóò dì mọ́ irin. A ó ṣí ẹnu àlùmọ́gàjí àti ẹ̀mú sílẹ̀, a ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín wọn àti oríkèé wọn, nítorí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí. Abẹ́ omi ni a ti ń gbo ó, kí ó má baà ta sí ojú ẹni tí ń fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà a ó fi omi mímọ́ ṣàn án, a ó nu ún gbẹ, a ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú ìmọ́lẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá kù, a ó tún un fọ̀.

Àṣà kan wà tí ó ti pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, èyí ni kí a kọ́kọ́ rẹ irin ẹlẹ́jẹ̀ sínú oògùn apàdọ̀tí tí a ń pè ní jíìkì kí a tó fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ́ ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì nígbà kan. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2016, wọ́n ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ a máa sọ agbára oògùn náà di aláìlágbára. Oògùn náà a máa jẹ irin. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ a sì máa rò pé ewu ti kọjá, yóò wá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú fífọ̀. Ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn, aṣọ ìbora tí omi kò lè wọ̀, àti ohun ìbòjú ni ó ń dáàbò bo ẹni tí ń fọ irin.

Lẹ́yìn fífọ̀ ni ooru kàn. Omi híhó lásán kò tó, nítorí àwọn kòkòrò kan, bí irú èyí tí ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, a máa wọ inú èèpo líle bí irúgbìn, wọn a sì lè la omi híhó já. Nítorí èyí ni a ṣe ń lo ìkòkò ooru tí àwọn oníṣègùn ń pè ní autoclave. A dé e pa tí ooru omi kò fi rí ọ̀nà jáde, títí yóò fi gbóná dé ìwọ̀n 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irin tí a fi aṣọ wé yóò wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, a kò sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣẹ́jú náà títí ooru yóò fi pé ìwọ̀n. Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ ní àárín rẹ̀, àtìbẹ̀rẹ̀ ni a ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Bí aṣọ tí a fi wé irin bá tutù nígbà tí a kó o jáde, a kò gbọ́dọ̀ lò ó, nítorí omi a máa fa kòkòrò wọlé.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: bí ilé ìwòsàn kan bá ní ìdì irin méjì péré, tí ìyá mẹ́rin sì ń dúró de iṣẹ́ abẹ ní òru ọjọ́ kan, tí iná kò sí, tí omi kò sì yọ, kí ni ẹni tí ń fọ irin yóò ṣe? Ìkánjú yóò mú un, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì fo ohun kan. Ibẹ̀ ni ikú ti ń rí àyè wọlé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní èrò búburú.

Nítorí náà ni a fi ń bẹ̀ yín. Nígbà tí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ta ilé ìwòsàn lọ́rẹ, ẹ kọ́kọ́ tọ olórí àwọn nọ́ọ̀sì lọ, kí ẹ béèrè ohun tí yàrá ìfọ̀ ṣe aláìní. Ó lè jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì, ìbọ̀wọ́, àgbá omi, ìdì irin kan sí i, tàbí ìkòkò ooru tí a lè gbé ka orí iná gáàsì nígbà tí iná mọ̀nàmọ́ná kò sí. A kò lè kọ orúkọ wa gàdàgbà sára búrọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ó lè gba ìyá ọmọ là. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣe iṣẹ́ fífọ irin, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín nítorí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn, ẹ rí i pé a kọ́ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ rẹ̀, a sì fún un ní àyè àti àkókò láti ṣe é dé ojú àmì.

Ọwọ́ dókítà ni a ń rí. Ọwọ́ ẹni tí ó fọ irin ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ kí a tó dé. Ẹ jẹ́ kí a ràn án lọ́wọ́.