Ta Ló Ń Sọ Àdúgbò Wa Lórúkọ?

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn oníròyìn àti bí àdúgbò ṣe ń yí padà. N kò ní pẹ́, mo mọ̀ pé oúnjẹ ń tutù.

Ṣé ẹ rántí Màrókò l'Ékòó? Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki fún wọn ní ọjọ́ méje péré, ni katakata bá dé. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló di aláìnílé. Ìjọba ní ibẹ̀ dọ̀tí, omi ń yalé, àwọn ọ̀daràn ń sá pamọ́ síbẹ̀. Àwa tí à ń ka ìwé ìròyìn nílé níbí, orúkọ yẹn náà la mọ Màrókò mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni tíṣà wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, apẹja àti oníṣòwò pẹ̀lú. Lónìí, Oniru ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ilé olówó ló kún un. Etí òkun kan náà ni o!

Tiwa ní Ọ̀bà-Ilé kò le tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Akúrẹ́ ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní 1976 ni ìlú ti ń rìn bọ̀ wá bá wa: pápákọ̀ òfurufú, ẹ́sítéètì, àwọn tó ń ra ilẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí ìpolówó wọn lórí rédíò, ẹ ó gbọ́ "ilẹ̀ gbalasa". Gbalasa kẹ̀? Ṣé oko kòkó bàbá mi náà ni?

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Èmi náà kà á nínú ìwé ìròyìn pé àdúgbò wa ti di ti ọlọ́lá, inú mi dùn, mo sọ owó ilé di ìlọ́po méjì. Ìyá aláàkàrà tó ti bá wa gbé fún ọdún mọ́kàndínlógún kó jáde. Kò bá mi jà. "Ọmọ mi, ó dàbọ̀," ló kàn wí. Ìròyìn tí mo kà ò dárúkọ irú wọn rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ìwé ìròyìn àti rédíò láàárín wa, mo mọ̀ yín. Bí ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa Ọ̀bà-Ilé, ẹ bi ìyá yẹn kí ẹ tó bi èmi onílé. Ọ̀nà Ìjù ló kó lọ. Èmi fúnra mi ni n óò mú yín débẹ̀, n kò tíì lọ kí i láti ọjọ́ náà.