Oúnjẹ Kan Náà, Ara Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

N kò ní pẹ́ lórí oríkì ọ̀rọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé kálórì la fi ń wọn agbára inú oúnjẹ, àti pé èyí tí ara kò bá lò ló ń di ọ̀rá. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ: láàárín àwọn tó jọ ń gbé ibì kan náà, àbùdá tí oníkálukú jogún ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìdí tí ẹnì kan fi ń tètè sanra tí ẹnì kejì kì í sì í sanra. Wọ̀bìà tàbí ìmẹ́lẹ́ kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró dáadáa lórí ẹ̀rí kan. Ní Fásitì Laval ní Quebec, ní ilẹ̀ Kánádà, Claude Bouchard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀dọ́kùnrin 24 jọ, ìbejì méjìlá. Irú ìbejì tó pọ̀ jù ní Igbó-Ọrà kọ́ o. Ẹyin méjì ni ọ̀pọ̀ ìbejì tiwa ti ń wá, wọn kò sì jọra ju ọmọ ìyá lásán lọ. Ẹyin kan tó pín sí méjì ni àwọn ti Quebec ti wá, àbùdá kan náà ni wọ́n pín. Wọ́n jọ ń gbé lábẹ́ àmójútó, àwọn olùwádìí sì fi gbèdéke sí eré ìdárayá wọn. Fún ọjọ́ 84, wọ́n fi 1,000 kálórì lé oúnjẹ òòjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tó wọ ẹnu nìkan ló ń sọ bí ènìyàn yóò ṣe sanra tó, ohun tó lé lára wọn ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò dọ́gba rárá. Ẹni tó sanra kéré jù fi kìlógíráàmù 4.3 kún, ẹni tó sanra jù fi 13.3 kún. Síbẹ̀, bí Táíwò ṣe ń sanra ni Kẹ́hìndé ń tẹ̀ lé e: ìyàtọ̀ láàárín ìbejì kan àti òmíràn tó ìlọ́po mẹ́ta ìyàtọ̀ tó wà láàárín Táíwò àti Kẹ́hìndé. Kódà ibi tí ọ̀rá gbé jókòó sí lára wọn jọra.

Ní 1990 ni iṣẹ́ yìí jáde. Ẹnì kan lè ní ilé kan náà ló tọ́ Táíwò àti Kẹ́hìndé, pé àṣà ìjẹun ilé wọn ló bá wọn dàgbà. Ọ̀rọ̀ náà ì bá rinlẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn kan náà ni Albert Stunkard gbé iṣẹ́ jáde lórí ìbejì ilẹ̀ Sweden tí wọ́n yà nípá láti kékeré: ìwúwo wọn ṣì jọra gan-an. Ṣáájú ìyẹn, ní 1986, ó ti fi hàn ní Denmark pé òbí tó bí ọmọ ni ọmọ tí a gbà tọ́ ń fi ìwọ̀n ara jọ, kì í ṣe òbí tó gbà á tọ́. Ó yẹ kí n bá wa wí níbí. Ẹ̀rí yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́, síbẹ̀ a ṣì ń dójú ti ẹni tó sanra ní ilé ìwòsàn, a sì ń bi ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ bóyá àìsàn ló ń ṣe é. Kò dára bẹ́ẹ̀.

Àtakò tó le jù wá láti ìtòsí. Àwọn onímọ̀ Fásitì Ìbàdàn àti ti Loyola ní Chicago fi ará Igbó-Ọrà wé àwọn aláwọ̀ dúdú Maywood, nítòsí Chicago, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àtọmọdọ́mọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ti Maywood sanra ju ti Igbó-Ọrà lọ fíìfíì. Ṣé kì í ṣe pé àbùdá kò já mọ́ nǹkan nìyẹn? Rárá o. Òjò ló ń sọ bí gbogbo oko yóò ṣe ga tó, irúgbìn ló sì ń sọ èyí tí yóò yọrí láàárín wọn. Ọjà oúnjẹ àti ìgbé ayé ìlú ló gbé gbogbo Maywood sókè. Ẹni tó gòkè jù níbẹ̀, ẹ wo àbùdá rẹ̀.

Báwo ni àbùdá ṣe ń ṣiṣẹ́? Àkókò ti ń lọ, n ó yára. Ní 1994, Jeffrey Friedman rí àbùdá leptin, họ́mónù tí ọ̀rá fi ń sọ fún ọpọlọ pé àpò kún. Ara tún yàtọ̀ síra nínú bí wọ́n ṣe ń jó àlékún oúnjẹ. Ní 1999, James Levine ní Mayo Clinic fi 1,000 kálórì lé oúnjẹ òòjọ́ ènìyàn 16: àwọn tí kò sanra púpọ̀ ni àwọn tí ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́ún-pọ́ún láìrò ó tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń dìde, tí wọ́n ń rìn káàkiri.

Ní ti fífọn, ara máa ń jà. Kevin Hall yẹ àwọn 14 tó díje nínú The Biggest Loser, ètò ìdíje fífọn orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, wò lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Kálórì tí ara wọn ń jó lóòjọ́ fi nǹkan bí 500 dín sí iye tó yẹ. Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni ká ọwọ́ lẹ́rán. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú ìfúnpá àti ṣúgà, kí a tún ọjà oúnjẹ wa ṣe, kí a sì yé dá ènìyàn lẹ́bi fún ohun tó jogún.