Àwọn Tí Ń Kó Ìbọn Ìléwọ́ Àtijọ́ Jọ, àti Òfin Tí Ó Dè Wọ́n



Oríṣiríṣi ni ohun tí ọmọ aráyé ń kó jọ. Ẹlòmíràn a máa kó owó àtijọ́ jọ, ẹlòmíràn a máa kó sítáǹbù lẹ́tà jọ. Ère àti ìlẹ̀kẹ̀ ni ti ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ìbọn ìléwọ́ àwọn ológun ni wọ́n ń kó jọ, pàápàá irú èyí tí a fi ń díje ìbọn yíyìn, tí iye rẹ̀ kò sì pọ̀ láyé mọ́. Ọ̀rọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ òní dá lé, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ohun iyebíye tí ó sì léwu bá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ìbọn ìléwọ́ ni ìbọn kúkúrú tí a lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú yìn. Ní ojú ogun, àwọn ọ̀gá ológun ni ó sábà máa ń gbé e kọ́ ìbàdí. Kò rọrùn láti fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ bá ojú àmì. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀ péré, ọta ti yà kúrò lọ́nà. Nítorí náà ni àwọn ológun fi ń dán ara wọn wò nínú ìdíje. Ní ọdún 1859 ni a dá ẹgbẹ́ National Rifle Association sílẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn ará ìlú tí ó yọ̀ǹda ara wọn fún ààbò ilẹ̀ náà lè mọ ìbọn yìn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje wọn àkọ́kọ́ ní Wimbledon ní ọdún 1860, Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ ni ó yin ìbọn tí a fi ṣí i. Ní ọdún 1890, ẹgbẹ́ náà kó lọ sí Bisley ní agbègbè Surrey, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di òní.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbọn ìléwọ́ tí ó lókìkí ní Bisley ni èyí tí à ń pè ní Webley-Fosbery. Ọ̀gágun George Vincent Fosbery, ẹni tí ó gba àmì ẹ̀yẹ Victoria Cross fún ìwà akin tí ó hù ní ààlà ilẹ̀ India ní ọdún 1863, ni ó gbìrò ọgbọ́n rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Webley ní ìlú Birmingham ni ó sì ń ṣe é láti ọdún 1901. Nínú ìbọn ìléwọ́ tí ó wọ́pọ̀ nígbà náà, inú irin róbótó kan ni ọta mẹ́fà máa ń wà, agbára ìka ẹni tí ń yìn ín ni ó sì ń yí irin náà kí ọta mìíràn lè bọ́ sí ojú ihò. Fosbery wòye pé bí ìbọn bá dún, agbára a máa ta á padà sẹ́yìn, agbára yìí sì ń ṣòfò. Ó mú un so mọ́ iṣẹ́. Bí ìbọn rẹ̀ bá ti dún, apá òkè a fà sẹ́yìn lórí èèkù. Àwọn ilà kọ́lọkọ̀lọ tí a gbẹ́ sí ara irin róbótó náà a sì mú kí ó yí. Sípíríìngì a dá gbogbo rẹ̀ padà sí ipò rẹ̀. Báyìí ni làálàá ìka ṣe dín kù, tí ọwọ́ sì lè dúró ṣinṣin lórí àmì.

Ní àkókò yẹn, owó ara wọn ni àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì fi ń ra ìbọn ìléwọ́ wọn, bí ó bá ṣáà ti lè gba ọta ìjọba. Àwọn kan gbé ìbọn Fosbery lọ sí Ogun Àgbáyé Kìíní. Ṣùgbọ́n ojú ogun kì í ṣe pápá ìdíje. Ẹrẹ̀ inú yàrà ogun a máa dí àwọn ilà náà, bí a kò bá sì di ìbọn náà mú gírígírí, kì í ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ìjọba kò fi í ṣe ìbọn gbogbo ọmọ ogun. Gbogbo èyí tí a ṣe kò tó 5,000, irú rẹ̀ tí ń gba ọta mẹ́jọ sì ṣọ̀wọ́n ju èyí tí ń gba mẹ́fà lọ. Ohun tí ogun kọ̀ ni àwọn olùkójọ ń wá kiri.

Kí ni olùkójọ fi ń mọ iye ìbọn àtijọ́? Kì í ṣe dídán rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi yanrìn bó ìbọn bẹ́ẹ̀ kí ó lè máa kọ mọ̀nà ti ba a jẹ́, nítorí ó ti nu òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà tí ń sọ ìtàn rẹ̀ nù. Ní Amẹ́ríkà, ilé ìrọ ohun ìjà ìjọba ní Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, tún àwọn ìbọn ìléwọ́ ológun kan ṣe láàárín ọdún 1955 sí 1967, kí wọ́n lè péye fún ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè tí a bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Camp Perry, ní ìpínlẹ̀ Ohio, láti ọdún 1907. Wọ́n lu òǹtẹ̀ NM sí wọn lára. Nígbà tí owó wọn gòkè, àwọn ẹlẹ́tàn bẹ̀rẹ̀ sí lu òǹtẹ̀ kan náà sí ara ìbọn lásán. Nítorí náà, olùkójọ tí ó gbọ́n kì í wo òǹtẹ̀ kan ṣoṣo. Yóò wo ọ̀pá ìbọn, yóò wo irin òkè, yóò fi nọ́ńbà wé ìwé, yóò sì béèrè ọwọ́ ẹni tí ó ti kọjá. Ìbọn tí ìwé bá tẹ̀ lé níye lórí ju èyí tí ẹnu lásán ń ròyìn lọ.

Ṣùgbọ́n bí ìbọn ti wù kí ó lọ́jọ́ lórí tó, ìbọn náà ni. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1996, ọkùnrin kan wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Dunblane, ìlú kékeré kan ní Scotland. Ó fi ìbọn ìléwọ́ pa ọmọdé 16, ọmọ ọdún márùn-ún àti mẹ́fà, pẹ̀lú obìnrin tí ó jẹ́ olùkọ́ wọn, kí ó tó pa ara rẹ̀. Kì í ṣe ìbọn tí ó jí ni ó lò. Ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń yin ìbọn fún ìdárayá.

Ìbànújẹ́ gba gbogbo ilẹ̀ náà. Ó lé ní 700,000 ènìyàn tí ó fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí à ń pè ní Snowdrop, pé kí a mú ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú. Àwọn tí ń díje àti àwọn olùkójọ ní àwíjàre tiwọn: pé ẹni tí ó ṣẹ̀ ni ó yẹ kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bá wí, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó pa òfin mọ́. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọdún 1997, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe òfin méjì. Nígbà tí èkejì fi parí, kò sí àyè fún ará ìlú ní England, Scotland àti Wales láti ní ìbọn ìléwọ́ ìdíje nílé mọ́. Ìbọn tí wọ́n kó fún ọlọ́pàá lé ní 160,000, ìjọba sì san owó fún àwọn tí ó ni wọ́n. Nígbà tí a ṣe ìdíje Commonwealth ní Manchester ní ọdún 2002, àti Òlíḿpíìkì ní London ní ọdún 2012, àṣẹ pàtàkì ni a fún wọn kí a tó lè fi ìbọn ìléwọ́ díje níbẹ̀.

Ìṣòro kan kù. Bí a bá yọ́ irú ìbọn Fosbery gbogbo nínú iná, ìtàn ti parẹ́ nìyẹn, kò sì sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè mú un padà. Nítorí náà ni òfin ọdún 1997 fi ṣe ìyàtọ̀. Èyí tí a ti ṣe ṣáájú ọdún 1919, tí ọta rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ mọ́, olùkójọ tí ó ní ìwé àṣẹ lè pa á mọ́ sílé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ní ọta rẹ̀. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi, tàbí tí iṣẹ́ ọnà rẹ̀ tàbí ìtàn rẹ̀ ṣe pàtàkì, ibi tí ìjọba yàn nìkan ni a lè tọ́jú rẹ̀ sí. Bisley jẹ́ ọ̀kan nínú irú ibi bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ni ín lè lọ wò ó, ó sì lè yìn ín níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé e bọ̀ wá sílé. Báyìí ni ìtàn kò ṣe ṣègbé, tí ewu kò sì gbé inú ilé.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fún un ní ìwé àṣẹ, títí kan irú èyí tí ń fi òkúta ṣáná láyé àtijọ́. Àgbà ìbọn kì í ṣe àwíjàre. Bí ẹnì kan bá rí irú rẹ̀ nínú ẹrù bàbá tàbí bàbá àgbà rẹ̀ tí ó ti sùn, kí ó má ṣe fọwọ́ fà á wò, kí ó má ṣe fún ọmọdé, kí ó má sì ṣe tà á ní ìkọ̀kọ̀. Kí ó fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó sì lọ sọ fún ọlọ́pàá. Kí ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú: ta ni ó ni ín, ogun wo ni ó lọ, ọdún wo ni ó padà dé. Ìwé ìtàn náà ni àwọn ọmọ lè jogún láìsí ewu.

Ẹni tí ó bá fi iná sórí òrùlé kì í sùn.