Oògùn Àrùn Kòrónà: Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Ó Pẹ́ Jù



Ní ọdún 2020, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ mìíràn dán oògùn remdesivir wò lára àwọn aláìsàn kòrónà 1,062 tí a dá dúró sí ilé ìwòsàn. Ara àwọn tí a fa oògùn náà sí nínú iṣan yá ní ìwọ̀n ọjọ́ 10. Ti àwọn tí a kò fún, ọjọ́ 15. Ńṣe ni ó ń dènà kòkòrò àrùn náà kí ó má baà pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di pé ẹ̀rọ ni ó ń bá aláìsàn mí, a kò rí i pé ó ṣe ìrànlọ́wọ́.

Olójú jínjìn, òkèèrè ni í ti í mú ẹkún sun. Bí mímí bá ń ni ẹnikẹ́ni lára nínú ilé yín, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.